Nígbà Tí Òbí Bá Gbé Ọmọ Ara Rẹ̀ Sá Lọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún àwọn baba wa àtijọ́ pé ènìyàn lè jí ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí gbé, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi olúwarẹ̀ rín, nítorí lójú tiwọn, gbọ́mọgbọ́mọ ni àjèjì tí ń rìn kiri ní àṣálẹ́, kì í ṣe ìyá tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe baba tí ó dúró níwájú ẹbí sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n ayé òde òní ti so àwọn ìdílé pọ̀ láti etí òkun kan dé èkejì. Ọmọ kan ṣoṣo a máa ní ìwé ìrìnnà méjì, a máa gbọ́ èdè méjì, a sì máa ní ìyá àgbà méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìfẹ́ bá bàjẹ́ láàárín ọkọ àti aya, kì í ṣe àdúgbò kejì ni ẹni tí inú ń bí ń kó ẹrù lọ, ilẹ̀ mìíràn ni, níbi tí òfin ti yàtọ̀, tí adájọ́ kò mọ ẹni tí ó kù sílé, tí ọmọ náà kò sì ní pẹ́ gbàgbé èdè tí ó fi ń pe baba tàbí ìyá rẹ̀.

Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí ayé ti gbọ́, n kò mọ èyí tí ó fi ojú ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba tó ti David Goldman, ará ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, àti Bruna Bianchi, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Rio de Janeiro. Ìlú Milan ní Ítálì ni wọ́n ti pàdé, níbi tí ọkùnrin náà ti ń fi ìrísí rẹ̀ polówó aṣọ, tí obìnrin náà sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa aṣọ àti ọ̀ṣọ́. Wọ́n gbéyàwó ní 1999, Ọlọ́run sì fi ọmọkùnrin kan, Sean, ta wọ́n lọ́rẹ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 2004, David fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ gbé ìyàwó, ọmọ, àti àwọn àna rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú Newark, nítorí wọ́n fẹ́ lọ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ní Rio. Ó dágbére fún wọn, ó padà sílé. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí tẹlifóònù dún, tí ìyàwó rẹ̀ sì wí fún un pé ìgbéyàwó àwọn ti parí, pé òun àti ọmọ kò ní padà wá mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Sean nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín kí a wo ohun tí òfin wí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1980, àwọn orílẹ̀-èdè kan parí àdéhùn kan ní ìlú Hague ní Nẹ́dálándì, lórí àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tí ì pé 16, tí òbí kan gbé kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ibùgbé, tàbí tí ó dá wọn dúró sí ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn tí àkókò àbẹ̀wò ti pé, láìjẹ́ pé òbí kejì tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí wọn fọwọ́ sí i. Orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn náà lónìí ti lé ní 100. Àdéhùn yìí kò bi adájọ́ léèrè bóyá ìyá ni ó sàn jù tàbí baba. Kò bi í pé ta ni ó lówó, ta ni ó sì fẹ́ràn ọmọ jù. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀ ni pé, ilẹ̀ wo ni ọmọ yìí ń gbé kí ìjà tó dé? Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, kí ó dá ọmọ padà síbẹ̀, kí àwọn adájọ́ ilẹ̀ náà sì pinnu ẹni tí yóò tọ́ ọ. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní láti yan ọ́fíìsì ìjọba kan tí yóò máa gba ìwé ẹ̀bẹ̀ láti òkèèrè, tí yóò sì máa ṣèrànwọ́ láti wá ọmọ rí; ilé-ẹjọ́ sì gbọ́dọ̀ yára, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá láìsí ìdájọ́, ẹni tí ó pe ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ó fà á.

Ìkánjú yìí kì í ṣe àṣejù. Ọmọ kì í ṣe ilẹ̀ oko tí a lè pa tì títí ẹjọ́ yóò fi parí, tí a ó sì bá a bí a ti fi í sílẹ̀. Bí ẹni tí ó gbé ọmọ bá rí ọ̀nà fa ẹjọ́ gùn, ọmọ yóò ti wọ ilé-ìwé, yóò ti ní ọ̀rẹ́, ahọ́n rẹ̀ yóò ti yí sí èdè ibẹ̀, ẹni tí ó ṣẹ̀ yóò sì wá dúró níwájú adájọ́ wí pé, “Ọmọ ti mọ́lé, ìkà ni láti tún fà á tu.” Àwọn tí ó kọ àdéhùn náà mọ èyí, wọ́n sì fi ọdún kan pààlà: bí ẹjọ́ bá ti dé ilé-ẹjọ́ kí ọdún tó yípo, dídá padà ni òfin, bí ọdún bá ti yípo kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, adájọ́ lè wò bóyá ibẹ̀ ti mọ́ ọmọ lára. Kóòtù New Jersey ti pàṣẹ ní ọdún 2004 gan-an pé kí a dá Sean padà. Kí ọdún náà sì tó parí, David ti gbé ẹjọ́ dé iwájú àwọn adájọ́ Bùràsíìlì. Síbẹ̀, ní 2005, adájọ́ ilẹ̀ náà gbà pé lóòótọ́ ni ìyá dá ọmọ dúró lọ́nà àìtọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibẹ̀ ti mọ́ ọmọ lára. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí po: ìfàsẹ́yìn ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi dá ẹni tí ó tètè ké lẹ́bi. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba, ni àwọn àgbà máa ń wí láti fi tu ẹni tí ń dúró nínú. Ní irú ẹjọ́ yìí, bí ó bá pẹ́, ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ já gaara ni kò ní lè pe baba mọ́.

Bruna gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní Bùràsíìlì, ó sì fẹ́ agbẹjọ́rò kan tí ìdílé rẹ̀ lórúkọ ní Rio. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, ikú, tí kì í gba ẹ̀bẹ̀, tí kì í wo ojú ọmọ lẹ́yìn ìyá, mú un lọ ní orí ìkúnlẹ̀ abiyamọ, ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bí ọmọbìnrin kan fún ọkọ rẹ̀ kejì. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ì bá rò pé ìjà ti parí, nítorí òbí kan ṣoṣo ni ó kù láyé fún ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ọkọ ìyá gba kóòtù lọ, ó ní kí wọ́n fi Sean sílẹ̀ ní ìkáwọ́ òun. Oṣù kejì ọdún 2009 ni David tó fojú kan ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn ohun tí ó ju ọdún mẹ́rin lọ.

N kò ní fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ọmọ náà dànù, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní gbangba sí Lula, Ààrẹ Bùràsíìlì ìgbà náà, ó wí pé ní àṣà àwọn, bí ìyá kò bá sí, ìyá àgbà ni ń tọ́ ọmọ. Ọmọ Yorùbá wo ni kò ní mi orí sí èyí? Mélòó nínú wa ni kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ ìyá àgbà, tí kò sì sùn ti ìyá àgbà lórí ẹní? Obìnrin náà ti sin ọmọ rẹ̀, ọmọ tí òkú fi sílẹ̀ ni wọ́n sì tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀; ẹni tí kò bá ṣàánú rẹ̀, ojú àánú ti kú lára olúwarẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ẹbí baba ì bá ti kó agbádá sọ́rùn lọ gba ọmọ wọn, àwọn náà ì bá sì wí pé àṣà ni. Ìdí rèé tí àdéhùn Hague fi yẹra fún ọ̀rọ̀ àṣà: bí a bá jókòó ti àṣà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni yóò jàre, ọmọ yóò sì wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e.

Ní 2009, àṣẹ ń jáde, àṣẹ ń wọlé. Ní oṣù kẹfà, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Rio ní kí a dá ọmọ padà. Ní ọjọ́ kejì, adájọ́ kan ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá àṣẹ náà dúró. Ní oṣù kejìlá, àwọn adájọ́ mẹ́ta ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fohùn ṣọ̀kan pé kí ọmọ máa lọ; wọ́n tún dá èyí náà dúró. Ọjọ́ 22 oṣù náà ni Gilmar Mendes, olórí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, mú ìdènà kúrò. Kí a má tan ara wa jẹ, òfin nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Frank Lautenberg, sẹ́nétọ̀ New Jersey, ti dá àbádòfin òwò kan tí Bùràsíìlì yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ dúró ní Washington, a kò sì gbọ́ pé baba mìíràn tí kò lókìkí rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 24, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Kérésìmesì, ẹbí ìyá fẹsẹ̀ rìn mú Sean gba àárín ogunlọ́gọ̀ oníròyìn kọjá lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Rio. Bàálù tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan háyà ni ó sì gbé òun àti baba rẹ̀ lọ. Ojú yẹ kí ó ti tọ̀tún tòsì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Sean nígbà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n fi orúkọ baba àti ọmọ náà sọ, èyí tí ó fún ìjọba Amẹ́ríkà lágbára láti fìyà jẹ orílẹ̀-èdè tí ó bá ń fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ falẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí wà tí ìtàn David kò fi hàn. Ìyá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé ọmọ sọdá ààlà lóde òní, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń sá fún ọkọ tí ń nà wọ́n bí ẹní na bàrà ni. Àdéhùn náà fàyè sílẹ̀ fún wọn: adájọ́ lè kọ̀ láti dá ọmọ padà bí ewu ńlá bá wà fún un níbẹ̀, tàbí bí ọmọ tí ó ti gbọ́n tó bá wí pé òun kò lọ. Ní 2022, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ ìyá kan tí ó gbé ọmọ kúrò ní Ítálì, sọ pé bí adájọ́ bá ti rí irú ewu bẹ́ẹ̀, kò di dandan kí ó wá gbogbo ọgbọ́n tí a lè dá sí i kí ó tó kọ̀. Ní tèmi, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Òfin tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ń sá fún pàṣán àti ẹni tí ń fi ọmọ gbẹ̀san kò yẹ ní òfin.

Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa? Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague ti 1980. Nítorí náà, bí òbí kan bá gbé ọmọ láti London wá sí Èkó, òbí tí ó kù sẹ́yìn kò ní ọ́fíìsì àdéhùn tí yóò kọ̀wé sí. Yóò gba agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà, ẹjọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, níwájú adájọ́ tí yóò wo ohun tí ó ṣe ọmọ láǹfààní jù, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti là á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Bìrìtéènì ni ó ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé kí ó lè lọ kọ́ ìwà àti èdè ní ilé-ìwé, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ bí ìyá àti baba bá jọ gbà á. Bí ọ̀kan bá dá a ṣe, ọ̀rọ̀ di mìíràn: lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1984, òbí tí ó bá gbé ọmọ tí kò tí ì pé 16 jáde kúrò ní Bìrìtéènì láìgba àṣẹ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ òbí pẹ̀lú rẹ̀, tàbí ti ilé-ẹjọ́, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méje jura.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lókè òkun, bí ọkàn yín bá fà sílé tí ẹnìkejì yín kò sì gbà, ẹ tọ kóòtù ibi tí ọmọ ń gbé lọ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n fún yín láṣẹ; wọn a máa fún ènìyàn bí ìdí rẹ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fura pé ẹnìkejì yín fẹ́ gbé ọmọ lọ, ẹ má ṣe dúró de ìpàdé ẹbí. Kóòtù lè gba ìwé ìrìnnà ọmọ pamọ́, àwọn ọlọ́pàá sì lè ránṣẹ́ sí àwọn pápákọ̀ òfurufú ní ọjọ́ náà gan-an.