Láti Abẹ́ Afárá Ọ̀rẹ̀ Lọ sí Odigbo

Bí ọkọ̀ tó ti Èkó bọ̀ bá ti ń sún mọ́ Ọ̀rẹ̀, àwọn tó ti sùn nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Oríta ńlá ni ìlú yìí: Èkó lápá kan, Bìní lápá kejì, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa sì tún yà níbẹ̀. Ibí ni àwọn ọmọ ogun Biafra rìn dé lọ́dún 1967 kí wọ́n tó dá wọn padà, ìjà náà ló sì bí "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" tó ṣì wà lẹ́nu wa. Lónìí, oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ èrò ń torí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Mo gba abẹ́ afárá tí ìjọba Gómìnà Rotimi Akeredolu kọ́ sí oríta náà, mo yà síbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ń dúró sí. Buka ló tò lọ rẹrẹ. Odó ń dún, èéfín bọ̀ọ̀lì ń rú, ọmọge kan sì ń ké pe èrò: "Iyán gbígbóná wà o! Ẹran ìgbẹ́ wà, ìgbín wà!" Awakọ̀ ti kígbe pé kí wọ́n má pẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bà méjì, ẹ fi pọ̀nmọ́ sí i." "Ó ti dé, ọmọ mi." Kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu ìyá olóúnjẹ, abọ́ ti wà níwájú oníbàárà.

Nítòsí ibẹ̀, lábẹ́ àtíbàbà àwọn ọlọ́kadà, àwọn mẹ́rin ń ta dómínò. Ọmọ 28 ló wà nínú ayò náà; bí ènìyàn mẹ́rin bá ń ta á, méje méje ni wọ́n ń pín. Ojú ọmọ tí o fẹ́ gbé kalẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ojú èyí tó wà nílẹ̀ mu. Ẹni tí kò bá ní in á kọjá.

Ọmọ dómínò yìí náà ni àmì ilé iṣẹ́ pízà tó ń jẹ́ Domino's Pizza. Lọ́dún 1960, Tom Monaghan àti James àbúrò rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀bù pízà kékeré kan tó ń jẹ́ DomiNick's ní Ypsilanti, ìpínlẹ̀ Michigan, ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí James fi ìpín tirẹ̀ sílẹ̀, tó gba ọkọ̀ Volkswagen dípò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ilé iṣẹ́ náà ní Domino's lọ́dún 1965, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni wọ́n ní. Ìdí nìyẹn tí ojú mẹ́ta fi wà lára àmì náà. Wọ́n fẹ́ máa fi ojú kan kún un fún ṣọ́ọ̀bù tuntun kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ju ohun tí àmì lè gbà lọ. Ṣọ́ọ̀bù wọn ti lé ní 20,000 káàkiri ayé báyìí. Lọ́dún 2012 ni ilé iṣẹ́ Eat'N'Go gbé e wọ Èkó.

Kí ló jẹ́ kí Domino's gbilẹ̀? Ìlànà ayò náà ni: ojú gbọ́dọ̀ bá ojú mu. Pízà tí ẹ jẹ ní Ìkẹjà gbọ́dọ̀ dùn bí èyí tí ẹ jẹ ní Ìbàdàn. Ní Ọ̀rẹ̀, adùn ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá tó sè é. Bí kò bá kọ́ ẹlòmíràn ní ìwọ̀n iyọ̀ àti ata rẹ̀, buka kan ni yóò máa jẹ́.

Mo gba ọ̀nà Oǹdó lọ sí Odigbo, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó. Ọlọ́kadà kan kọjá, ó so kúlà oúnjẹ mọ́ ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì kan ló fi fóònù pè fún un. Gbígbé oúnjẹ lọ bá ẹni tó rà á ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò kàn ní orúkọ ńlá ni. Àmọ́ ọlọ́kadà náà kò dé akoto, eré tó ń sá sì bà mí lẹ́rù.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún nìyẹn. Domino's ṣèlérí nígbà kan pé pízà yóò dé láàárín 30 ìṣẹ́jú. Lọ́dún 1993, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ kan ní St. Louis ní kí wọ́n san owó ńlá fún obìnrin tí awakọ̀ wọn kọlù, wọ́n fòpin sí ìlérí náà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ti gba ẹ̀mí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ká tó máa fi eré oúnjẹ kún un. Ìyá oníbuka kan ní Odigbo sọ fún ọmọ tó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ lójú mi pé, "Bí ọbẹ̀ bá dànù, a ó se òmíràn. Má sáré."

Ẹni tó bá fẹ́ kí buka kan di mẹ́wàá níbí, kó kọ ìwọ̀n ọbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó ra akoto fún ẹni tó ń gbé e, kó sì fún un ní àkókò tó tó. Àwa tí ebi ń pa náà, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù.