Orúkọ Tí A Kọ Sára Àpótí

Bí ọmọ yín bá ń kàwé ní ilẹ̀ Jámánì tàbí Pólándì, ó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo Auschwitz. Níbẹ̀ ni ìjọba Hitler ti pa ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan, láti 1940 sí 1945. Àwọn Júù ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Láti 1947 ni ibẹ̀ ti di ilé ìrántí. Àpótí ìrìn-àjò wà níbẹ̀ jọ rẹpẹtẹ, orúkọ àwọn tí ó ni wọ́n sì wà lára wọn. Wọ́n kọ ọ́ kí ẹrù wọn má baà sọnù. Wọ́n rò pé àwọn yóò tún rí i gbà.

Èwo ni tiwa níbẹ̀? Tiwa kò jìnnà. Ẹ wọ ọkọ̀ ní Ketu tàbí Mile 12, ẹ sọ̀ ní Mile 2, kí ẹ wọ òmíràn lọ sí Àgbádárìgì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lọ síbẹ̀ dáadáa. Ilé Seriki Williams Abass wà níbẹ̀. Yàrá 40 ni ó ní láyé òwò ẹrú. Inú yàrá tóóró wọ̀nyí ni a ń ti ènìyàn mọ́ títí ọkọ̀ ojú omi yóò fi dé.

Ta ni Seriki yìí? Ọmọ Yorùbá ni o! Ìtàn sọ pé a mú òun pàápàá lẹ́rú ní kékeré, a tà á dé Bràsíìlì. Nígbà tí ó padà wálé, òun náà ń ta ènìyàn. Ó kú ní 1919. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún gbọ́, àwọn kan sì fẹ́ kí a dá òyìnbó nìkan lẹ́bi. Òyìnbó rà, àwa náà tà. Ẹni tí ó bá mú ọmọ lọ síbẹ̀, kí ó sọ méjèèjì fún un.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà ní Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ lára rẹ̀. Iye orí ni oníṣòwò ń kà.

Orúkọ àwọn kan kò sọnù ṣá. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú kan tí ó ti Èkó lọ. Wọ́n kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, wà nínú wọn. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ní Freetown, akọ̀wé a máa bi àwọn tí a gbà sílẹ̀ ní orúkọ, a sì kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, bí wọ́n ti ga tó, àti ilà ara wọn. Ìwé náà wà títí di òní. Akọ̀wé kò gbọ́ Yorùbá. Bí etí rẹ̀ ti gbọ́ orúkọ ni ó ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á sókè, ẹ óò dá púpọ̀ mọ̀ nínú wọn.