Ta Ní Ń Ṣọ́ Ẹni Tí Ń Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wò?

Ẹni tí ó ra aṣọ ọ̀pá mẹ́wàá ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn lè tún un wọ̀n nígbà tí ó bá délé. Bí kò bá pé, yóò padà lọ bá ẹni tí ó tà á fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kò ní ọ̀pá tí yóò fi tún un wọ̀n. Ohun tí a bá kọ sínú ìwé èsì ni òun àti dókítà yóò gbà gbọ́, orí rẹ̀ sì ni a ó gbé ìtọ́jú lé. Nítorí náà ni òfin ṣe yan àwọn tí yóò máa ṣọ́ olùyẹ̀wò fún aráàlú.

Iṣẹ́ náà pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ń gbani níyànjú pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà. Onímọ̀ àyẹ̀wò yóò fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sí orí dígí pẹlẹbẹ, yóò pa á láró kí kòkòrò ibà lè hàn, yóò sì fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Òun ni ó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ, òun ni ó sì ń wá kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Láti 1901 tí Karl Landsteiner ti fi hàn ní ìlú Vienna pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ṣe oríṣi kan náà, a ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ti aláìsàn mu lè pa á bí a bá fà á sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn àwọn àfẹ́sọ́nà. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS, kí ó sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ bá kọ AA fún ẹni tí ó jẹ́ AS, àṣìṣe náà kò ní hàn lọ́jọ́ náà. Ó di ìgbà tí ọmọ bá ń ké nítorí egungun tí ń ro ó.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1912 ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní Institute of Biomedical Science láti 1994. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn UCH ti ṣí ní Ìbàdàn láti 1957 kí òfin 1968 tó dá Institute of Medical Laboratory Technology sílẹ̀. Òfin 11 ti ọdún 2003 ni ó fi Medical Laboratory Science Council of Nigeria rọ́pò rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, kí ó tó gba ìwé àṣẹ, èyí tí yóò máa sọ dọ̀tun lọ́dọọdún. Ìgbìmọ̀ ń bẹ àwọn ilé àyẹ̀wò wò, ó ń dán ohun èlò àyẹ̀wò wò, ó sì ní àṣẹ láti pe oníṣẹ́ tí ó bá ṣe ohun tí kò tọ́ lẹ́jọ́.

Kí a má ṣe dà á pọ̀ mọ́ Association of Medical Laboratory Scientists of Nigeria. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn nìyẹn: ire iṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ wọn ni ó ń wá. Ìgbìmọ̀ ni ti òfin, ààbò aráàlú sì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ojú ìgbìmọ̀ kò lè tó ibi gbogbo. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọ ilé àyẹ̀wò, ìbáà ṣe ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba tàbí ní ìlú rẹ̀, kí ó béèrè ìwé àṣẹ ọdún náà. Kí ó rí i pé abẹ́rẹ́ tuntun ni a lò, àti pé a kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀. Kí ó gba èsì tí a fọwọ́ sí. Kí àwọn àfẹ́sọ́nà sì ṣe àyẹ̀wò ní ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè: abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.