Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da fíìmù sí fóònù n'Ìjòkó, ṣé ẹ mọ ohun tófin tuntun sọ?

Ó ṣòro kéèyàn rìn láti Sàngó dé Ìjòkó, nílẹ̀ Ọ̀tà, kó má kan ọ̀kan nínú wọn. Tábìlì kékeré lábẹ́ agbòòrùn, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn ń da orin, fíìmù àti wáàsí sí fóònù. Oníbàárà á mú mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀ wá, á dárúkọ ohun tó ń fẹ́, kó tó mu omi inú ọ̀rá kan tán, wọ́n ti dà á kún un fún un.

Wọn ò ka ara wọn sí olè, àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wọn náà ò sì kà wọ́n sí i. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń jẹun, tí wọ́n fi ń san owó ilé ni. Àmọ́ láti ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2023, tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ti buwọ́ lu òfin Copyright ti ọdún 2022, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ àwọn olórin, òǹkọ̀wé àtàwọn tó ń ṣe fíìmù, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lóhun téèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Lábẹ́ òfin àtijọ́, èyí tó wà láti ọdún 1988, ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ oníṣẹ́ láti fi ṣòwò láì gbàṣẹ, owó ìtanràn rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ₦1,000 lọ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Òfin tuntun ti dorí ẹ̀ kodò. Ní báyìí, ₦10,000 ló kéré jù lórí ẹ̀dà kan, ọdún 5 tó jẹ́ òkè téńté tẹ́lẹ̀ sì ti di ìsàlẹ̀. Adájọ́ tún lè pa méjèèjì pọ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò: orin 200 lórí mẹ́mọ́rì káàdì kan ṣoṣo, ₦2,000,000 nìyẹn. Ibo lẹni tó gba owó tíntín lórí káàdì yẹn fẹ́ ti rí i?

Èèyàn ò lè dá àwọn oníṣẹ́ lẹ́bi pé wọ́n fẹ́ òfin tó le. Nígbà tí ayédèrú October 1, fíìmù tí Kunle Afolayan gbé jáde lọ́dún 2014, gba ìgboro kan, òun fúnra rẹ̀ ló figbe ta. Toyin Abraham náà pariwo níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 lórí Malaika. Lọ́dún 2005, lásìkò Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tóun náà ní oko ńlá l'Ọ̀tà níbí, ìjọba gbé ètò kan dìde tí wọ́n ń pè ní STRAP láti gbógun ti ayédèrú. Ìgbà CD nìgbà yẹn, ọjà Alábà lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń nawọ́ sí. Ọ̀rọ̀ CD rọrùn díẹ̀, torí ó ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ó ní ọkọ̀ tó ń gbé e. Mẹ́mọ́rì káàdì ò tó èékánná.

Ìdí táwọn èèyàn fi ń lọ sídìí tábìlì yẹn ò fara sin. Ká ní fíìmù kan jẹ́ 700MB. Tí èèyàn 50 bá dáńlóòdù rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dátà 35GB ni gbogbo wọn máa sun. Ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ agbòòrùn dáńlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì dà á fún gbogbo wọn. Lóṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, ìjọba fọwọ́ sí i káwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fowó kún owó wọn títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Netflix náà gbówó lérí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún 2024 nìkan. YouTube, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá ń gbé fíìmù wọn sí báyìí, kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wòran, dátà ló ń jẹ. Bí wọ́n bá sì wá dáńlóòdù fíìmù YouTube, tí wọ́n tà á fún èèyàn 50, ẹnì kan péré ni YouTube máa kà, owó ìpolówó tó sì yẹ kó kan òṣèré lórí àwọn yòókù ti wọmi.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lọ́nà tó bófin mu. iROKOtv, tí Jason Njoku àti Bastian Gotter dá sílẹ̀, rí i pé dátà ló ń lé oníbàárà sá. Ní nǹkan bí ọdún 2016 sí 2017, wọ́n gbé ìsọ̀ kéékèèké kalẹ̀ káàkiri Èkó. Oníbàárà á gbé fóònù wá, wọ́n á bá a fi áàpù wọn sí i, wọ́n á sì da fíìmù sí i láì fọwọ́ kan dátà rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ Ìjòkó gan-an nìyẹn! Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ni fíìmù ti gbowó tiẹ̀. Àmọ́ kò tọ́jọ́. Nígbà tó fi máa di 2020, iléeṣẹ́ náà ti dá òṣìṣẹ́ dúró, ó kọjú sáwọn oníbàárà òkè òkun tó ń san dọ́là.

Lójú tèmi, àwọn tó ni fíìmù ló fi ọjà náà sílẹ̀. Kò sí èyí tó lè ṣí ìsọ̀ dé gbogbo àdúgbò nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn alágbòòrùn yìí ti wà níbẹ̀, wọ́n mọ oníbàárà lórúkọ. Ká ní wọ́n bá wọn ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa san iye kan lóṣù, ó sàn ju kí wọ́n má rí kọ́bọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ò ní í bi wá léèrè ohun tá a rò.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jẹun lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tàwọn: olórin ẹ̀mí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, onífújì àdúgbò, àwọn àáfà tó fẹ́ kí wáàsí wọn tàn kálẹ̀. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n buwọ́ lù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Àwọn kan máa ń sọ pé orin àtijọ́ ti di ti gbogbo ayé. Ẹ rọra o. Òótọ́ ni pé ààbò orí àwo orin ń parí lẹ́yìn ọdún 50 tó ti jáde, ṣùgbọ́n ti orin tó wà nínú àwo náà ń lọ títí di ọdún 70 lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ bá kú. Ọdún 1983 ni Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, jáde láyé. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó di lẹ́yìn ọdún 2053.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹlòmíì yàtọ̀ sáwọn tó ń da fíìmù. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà odidi ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ tó ń gbowó fún àwọn òǹkọ̀wé ni REPRONIG. Ẹni tó ń kọrin sétí oníbàárà ní ilé ọtí tàbí hòtẹ́ẹ̀lì, MCSN tó gbàṣẹ lọ́dún 2017 ló ń gbowó fáwọn olórin. AVRS ni tàwọn onífíìmù. Nigerian Copyright Commission ló ń fún gbogbo wọn níwèé àṣẹ, NCC sì ni wọ́n ń pè é. Ẹ má ṣì í mú fún NCC tó ń rí sí tẹlifóònù, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá wá bá ní ṣọ́ọ̀bù pé kó wá sanwó orin, kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ wọn han òun. Tó bá sì san án, kó gba rìsíìtì, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn mìíràn tó bá tún wá máa ti rí i.