Àtọ̀sí Ajá: Aràn Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ìgbín Kékeré Inú Omi

Nígbà tí ọmọkùnrin bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín, wọn a ní ó ń di géńdé ni. Ẹ̀yin ará Ìtamága, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àìsàn ni. Àtọ̀sí ajá ni orúkọ rẹ̀, aràn ni ó sì ń fà á. Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ni ó rí aràn náà ní ìlú Káírò ní ọdún 1851.

Aràn yìí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, kò sì gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Akọ a gbé abo pamọ́ sínú kòtò tí ó wà lára rẹ̀, àwọn méjèèjì a sì jọ máa gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ká fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni abo ń yé ẹyin sí. Ẹyin náà ní ẹ̀gún ṣóńṣó. Òmíràn a gún àpò ìtọ̀ kọjá, a sì bá ìtọ̀ jáde tòun ti ẹ̀jẹ̀. Òmíràn a há sínú ara. Èyí tí ó há ni ewu ńlá. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, ó sì lè dí obìnrin lọ́wọ́ ọmọ bíbí.

Bí aláìsàn bá tọ̀ sínú odò, ẹyin a pa, ọmọ aràn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́. Bí kò bá rí ìgbín wọ̀ láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì, yóò kú. Kì í sì í ṣe ìgbín gbogbo ni ó lè gbà á. Bulinus ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí tí ó ń wá. Kì í sábà tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ gbé ìgbín tí a ń jẹ dání, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín: apá ọ̀tún yín ni ẹnu náà wà. Ti Bulinus, apá òsì ni. Omi tí kò ní iyọ̀, tí kò sáré, tí koríko wà létí rẹ̀, ni ó fẹ́ràn.

Nínú ìgbín náà, ọmọ aràn kan ṣoṣo a di ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọn a tú jáde nígbà tí oòrùn bá mú, wọn a sì gba awọ ara ẹni tí ó wà nínú omi wọlé láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe jíjẹ ìgbín ni a fi ń kó àìsàn yìí.

Ẹ wo ìsédò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983. Iṣẹ́ rere ni, omi rẹ̀ wúlò títí dé Èkó. Ṣùgbọ́n omi tí ó dúró dára fún ìgbín náà, àtọ̀sí ajá sì gbilẹ̀ láàrin àwọn apẹja àti àwọn ọmọdé ní abúlé etí adágún náà.

Oògùn wà. Praziquantel ni orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n tàbí gíga ara ni a sì fi ń mọ iye tí ènìyàn yóò lò. Ó ń pa aràn tí ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò dí ọ̀nà fún òmíràn. Ọmọ tí ó lò ó lónìí, tí ó padà sínú omi kan náà lọ́la, lè tún un kó.

Ìgbín kò bí aràn yìí. Àwa ni a ń gbé e fún un. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ̀ sínú omi tàbí sí etí rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá, ẹ sì máa lo omi kànga. Bí odò nìkan ni ó wà, ẹ fi omi tí ẹ pọn pamọ́ fún ọjọ́ méjì, kí ìgbín má sì sí nínú rẹ̀, kí ẹ tó fi wẹ̀. Ẹ mú ọmọ tí ó ń tọ ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Láàrin agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo méjì ọ̀sán ni ó dára jù láti gba ìtọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, nítorí ìgbà náà ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ jù.