Ṣé O Mọ̀? Ọwọ́ Lásán Ni Wọ́n Fi Ṣe Idán Inú Dracula

Bí o bá ń wá fíìmù tí wàá wò lálẹ́ Sátidé, tí ọkàn rẹ ń fẹ́ ẹ̀rù díẹ̀ àti ìfẹ́ púpọ̀, Bram Stoker's Dracula tí Francis Ford Coppola darí ní 1992 kò ní já ọ kulẹ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ní 1462, ọmọ aládé kan ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Románíà lónìí ti ogun àwọn ará Tọ́kì dé, ó bá òkú ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀. Ìròyìn èké ló dé etí obìnrin náà pé ọkọ rẹ̀ ti bógun lọ, ló bá bẹ́ sódò. Àlùfáà ní ọ̀run kò ní gba ẹni tó pa ara rẹ̀. Ni ọkọ bá sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run, ó ki idà bọ àgbélébùú òkúta, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára òkúta. Láti ọjọ́ náà ló ti di òkú tí kì í kú, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ó di 1897, lẹ́yìn ọdún 435, kó tó rí àwòrán Mina, ọmọge Lọ́ńdọ̀nù tó jọ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Gary Oldman ni Dracula, Winona Ryder ni Mina.

Ìtàn nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló yani lẹ́nu.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ṣe idán inú fíìmù yìí? Àwọn tí Coppola kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ idán fún sọ fún un pé ohun tó ń fẹ́ kò ṣeé ṣe láìsí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Ó gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ rẹ̀, Roman, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, pé kó lọ tú ọgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ ṣe sinimá láyé yẹ̀ wò. Wọ́n lo dígí, iná, ilé kéékèèké bí ohun ìṣeré ọmọdé, wọ́n sì ń ya àwòrán méjì lé ara wọn lórí fíìmù kan ṣoṣo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú kámẹ́rà ni wọ́n ti parí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Jonathan Harker, àfẹ́sọ́nà Mina, ń lọ sọ́dọ̀ Dracula, wàá rí ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré kọjá lókè ìwé tó ń kọ ìrìn àjò rẹ̀ sí. Ìwé ràgàjì kan ni wọ́n ṣe, ọkọ̀ ojú irin ìṣeré ni wọ́n sì gbé gorí rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Lucy kò wọ pósí rẹ̀ rárá, ńṣe ló jáde? Lucy ni ọ̀rẹ́ Mina tí Dracula ti sọ di ẹgbẹ́ ara rẹ̀. Ó padà sí ibojì tòun ti aṣọ ìyàwó funfun lọ́rùn. Van Helsing, tó ń dọdẹ Dracula, na àgbélébùú sí i. Obìnrin náà ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, títí ó fi yọ́ wọnú pósí, tí aṣọ gígùn náà sì ń wọ́ tẹ̀lé e bí omi tó ń ṣàn gòkè. Ojú rẹ á ti mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́ níbẹ̀, ẹnu rẹ ò kàn ní lè sọ ọ́. Àṣírí rẹ̀ ni pé Sadie Frost dìde nínú pósí, ó jáde, wọ́n wá yí fíìmù náà sẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé òjìji Dracula kì í ṣe ti Oldman? Òjìji ẹlòmíràn ni wọ́n jù sára ògiri. Ìdí nìyẹn tí Dracula fi lè dúró jẹ́ẹ́ tó ń fi ọ̀wọ̀ bá àlejò sọ̀rọ̀, nígbà tí òjìji rẹ̀ ti na ọwọ́ méjèèjì sí ọrùn àlejò.

Ṣé o mọ̀ pé ara aláǹgbá ni wọ́n ti rí ọrùn aṣọ Lucy? Aláǹgbá kan wà ní Ọsirélíà tó máa ń ta awọ ọrùn rẹ̀ bí agboòrùn bí inú bá ń bí i. Eiko Ishioka, ọmọ ilẹ̀ Japan, wò ó, ó sì fi ṣe aṣọ ìyàwó fún òkú. Òun náà ló ṣe ẹ̀wù ogun pupa tí Dracula wọ̀ níbẹ̀rẹ̀, tó dà bí ẹran ara tí wọ́n bó láwọ. Aṣọ wọ̀nyí gba Oscar. Ìkunjú àwọn òṣèré náà gba tirẹ̀, ìró inú fíìmù sì gba ẹ̀kẹta.

Ṣé o mọ̀ pé ìyàwó tó tún ayé wá kò sí nínú ìwé? Bram Stoker, ọmọ Ireland, tẹ ìwé Dracula jáde ní 1897. Dracula inú ìwé kò wá ìyàwó àtijọ́ kankan. Àwọn tó ṣe fíìmù ló fi ìyẹn kún un. Àwa tí à ń sọ ọmọ ní Yétúndé kò ní ṣe háà sí i. Àkúdàáyà tiwa pàápàá a máa lọ fẹ́ ìyàwó nílùú mìíràn, àfi pé kì í mu ẹ̀jẹ̀ àna.

Ṣùgbọ́n fíìmù Blacula ti ṣe irú rẹ̀ ní 1972, ogún ọdún gbáko ṣáájú Coppola. Mamuwalde, ọmọ ọba láti Áfíríkà, lọ bá Dracula ní 1780 pé kó ran òun lọ́wọ́ láti fòpin sí òwò ẹrú. Dracula fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó bù ú jẹ, ó tì í mọ́ inú pósí. Ìgbà tó jí ní Los Angeles ló rí Tina, ó ní Luva ìyàwó òun ló padà wá. William Marshall ló ṣe Mamuwalde, ó sì ṣe é tọlátọlá. Bí ti Coppola bá dùn mọ́ ọ, wá ìyẹn náà wò.

Ṣé o mọ̀ pé oòrùn kì í pa Dracula? Nínú fíìmù yìí, wàá rí i ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù lọ́sàn-án gangan, ó dé fìlà gíga, ó wọ awò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìwé. Nosferatu, fíìmù tí Murnau ṣe ní Jámánì ní 1922, ló kọ́kọ́ fi oòrùn pa òkú amùjẹ̀. Wọn kò gba àṣẹ kí wọ́n tó lo ìtàn Stoker, nítorí náà opó rẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́. Díẹ̀ yọ nínú rẹ̀, òun là ń wò dòní.

Ṣé o mọ̀ pé Stoker kò dé Transylvania, ilẹ̀ Dracula, rí? Whitby, ìlú etíkun kan ní England, ló ti rí orúkọ Dracula nínú ìwé kan ní ilé ìkàwé, ní 1890.

Ṣé o mọ̀ pé Winona Ryder gbà pé ìyàwó Keanu Reeves, tó ṣe Harker, lòun? Àlùfáà gidi ni Coppola lò nígbà tí Mina àti Harker ń ṣègbéyàwó. Ní 2018, Ryder ní bí òun ṣe rò ó, tọkọtaya làwọn.

Ṣé o mọ̀ pé Dracula àti sinimá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúgbà? Ìparí 1895 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ èrò tó wá wo sinimá ní Paris. Ní 1897 ni ìwé Stoker jáde. Coppola kò gbàgbé. Nígbà tí Dracula kọ́kọ́ ń rìn ní Lọ́ńdọ̀nù, kámẹ́rà àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni wọ́n fi yà á, ìdí nìyẹn tí àwòrán náà fi ń gbọ̀n. Ibi tó sì mú Mina lọ ni ilé sinimá.

Fíìmù náà ní àléébù. Reeves ń tiraka láti sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Lọ́ńdọ̀nù, ahọ́n rẹ̀ sì ń kọsẹ̀. Eré tí wọ́n sá níparí pọ̀ ju bó ṣe yẹ. Ẹ̀jẹ̀ àti ìhòòhò wà níbẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn ná.

Pa iná yàrá, kí o wò ó. Bí Lucy bá ti ń wọ pósí, máa sọ fún ara rẹ pé ńṣe ló ń jáde. Èmi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, síbẹ̀ mo ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè àga.