Ọkàn Ẹni tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a pè mí láti sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ti bí a ti ń wá iṣẹ́, tàbí ti bí a ti ń kọ ìwé sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Àwọn tí ó mọ èyí jù mí lọ wà láàárín yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ènìyàn nígbà tí wọ́n bá fi ìwé lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa lọ sí ilé rẹ̀, tí kì í sì í ṣe pé ó jalè, tàbí pé ó ya ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n nítorí pé ọjà kò tà mọ́, tàbí pé owó ìlú di yẹpẹrẹ, tàbí pé ìjọba yí padà. Ìdádúró bẹ́ẹ̀ ń pa ènìyàn lára ju bí àìsí owó nìkan ti lè pa á lára lọ, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí ọgbẹ́ náà wà kì yóò mọ ibi tí yóò fi oògùn sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè wa. Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. A ń kí àgbẹ̀ pé, "Àrokò bọ́dún dé o", a ń kí aláró pé, "Àrẹ̀dú o", a ń kí onídìrí pé, "Ojú gbooro o", ẹni tí a kò tilẹ̀ mọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, a óò ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Níbo ni ẹni tí kò ní iṣẹ́ wà nínú ìkíni wọ̀nyí? Ní àná a ń pè é ní Bàbá Akọ̀wé. Ní òní a kò mọ ohun tí a ó pè é mọ́, a sì ń wo ilẹ̀ kọjá lára rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú" wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni a sáábà ń fi í kí. Ní tèmi, n kò rí ìdí tí a kò fi lè kí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun kan kú mọ́ òun náà lọ́wọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti wádìí ọ̀ràn yìí dé ìdí. Ìletò kan wà ní ilẹ̀ Austria, tí kò jìnnà sí Vienna, olú-ìlú wọn. Marienthal ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá kan ni ó gbé ìletò náà ró fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Láti àárín ọdún 1929 ni iṣẹ́ ti ń dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 1930, gbogbo rẹ̀ parí. Nínú ìdílé 478 tí ó wà ní ìletò náà, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò ní ẹyọ ẹnìkan tí ó ní iṣẹ́ mọ́. Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld àti Hans Zeisel pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ síbẹ̀ ní 1931 àti 1932, wọ́n ń kíyèsí bí àwọn ènìyàn náà ti ń jẹun, bí wọ́n ti ń rìn, àti bí wọ́n ti ń lo ọjọ́ wọn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ní 1933.

Ẹnikẹ́ni nínú wa lè rò pé ẹni tí a tú sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yóò ní ààyè láti ka ìwé, láti bẹ ọ̀rẹ́ wò, àti láti tún ilé rẹ̀ ṣe. Òdìkejì èyí ni wọ́n rí. Ilé-ìkàwé kan wà ní Marienthal. Wọn kò gba owó ìyáwèé mọ́, síbẹ̀ iye ìwé tí àwọn ará ìletò ń yá dín kù tó ìlàjì. Àwọn ọkùnrin tí ó ní aago ń fi í sílẹ̀ sí ilé, nítorí kí ni aago yóò ṣe fún ẹni tí kò sí ibi kankan tí a ti ń retí rẹ̀? Àwọn olùwádìí náà fi ara pamọ́ sí ojú fèrèsé, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ àwọn tí ń kọjá lójú pópó. Àwọn obìnrin ń yára lọ, nítorí oúnjẹ wà lórí iná, aṣọ sì wà nínú omi. Àwọn ọkùnrin ń rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́, wọ́n ń dúró lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dé òdìkejì. Nígbà tí a ní kí ọkùnrin kan kọ ohun tí ó ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́ sílẹ̀, ó lè kọ pé òun jí, pé òun jẹ oúnjẹ ọ̀sán, pé òun sùn. Ohun tí ó wà láàárín wọn, kò rántí. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó ń ṣe wọ́n. Àwọn kan náà ni wọ́n ti ń jí ní ìdájí lọ sí ẹnu iṣẹ́ fún ogún ọdún.

Jahoda ṣe àlàyé rẹ̀ lẹ́yìn náà, àlàyé náà sì ti ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ìbẹ̀wò mi sí ilé àwọn ènìyàn. Ó ní owó oṣù ni a rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ a máa fún wa ní ohun mìíràn tí a kì í kà. Òun ni ó pín ọjọ́ wa sí wákàtí. Òun ni ó mú wa bá ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa pàdé. Òun ni ó so wá mọ́ ohun tí ó tóbi ju ti ara wa lọ, tí ó fún wa ní ipò lójú ẹgbẹ́, tí kò sì jẹ́ kí ọwọ́ wa dilẹ̀. Nígbà tí ìwé ìdádúró bá dé, gbogbo ìwọ̀nyí ni ó lọ pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí ni ó fà á tí ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ sí, tí ebi kò sì pa á, fi lè máa gbẹ síbẹ̀.

Ilẹ̀ wa náà ti tọ́ irú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun yí padà ní oṣù keje ọdún 1975, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ju 10,000 lọ ni a dá dúró láàárín oṣù díẹ̀. A ní ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni a kò gbọ́ tẹnu wọn rárá. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni mélòó ni kò gba kọ́bọ̀? Ní 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ òkèèrè kan kéde pé àwọn ń kó ẹrù kúrò ní Nàìjíríà. Ta ni ó wá lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti òun dájú?

Ìtìjú ni ó burú jù. Ọkùnrin kan wà, tí n kò ní dárúkọ ìlú rẹ̀, tí ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jáde ní agogo méje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bọ́, tí ó ń jókòó sí ibùdókọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ìyàwó rẹ̀ má baà mọ̀. Ìyàwó náà ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Òun náà ń tijú láti sọ fún un pé òun mọ̀. A máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Òwe àgbà ni, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pa á létí ẹni tí a dá dúró. Ẹ̀sín ọmọ ogun tí ó sá lójú ogun ni a lè fi í wí. Ẹni tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ mọ́ kò sá fún ẹnikẹ́ni. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí wí pé kò sí ohun tí òun ń ṣe láyé mọ́, kí a má pè é ní àwàdà, kí a má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ọjọ́ náà gan-an.

Nítorí náà, kí ẹni tí ọ̀ràn yìí bá kàn sọ ọ́ fún ará ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ó sunkún bí ẹkún bá ń bọ̀. Kí ó máa jí ní wákàtí tí ó ti ń jí, kí ó wẹ̀, kí ó wọṣọ, kí ó sì ní ohun kan tí yóò ṣe ṣáájú ọ̀sán, ìbáà ṣe ẹ̀fọ́ ni yóò gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Ní Marienthal, wọ́n pín ilẹ̀ kékeré fún àwọn ìdílé láti gbin oúnjẹ. Àwọn kan nínú wọn gbin òdòdó sí apá kan rẹ̀. Ẹlòmíràn lè pè é ní ìfiṣòfò ilẹ̀. N kò lè pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó yà mí lẹ́nu. Ní Amẹ́ríkà, a ní kí àwọn ẹnjiníà kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn jókòó fún ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́, fún ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tí ń dùn wọ́n nípa ìdádúró náà sílẹ̀. Àwọn mìíràn kọ nípa ètò bí wọn yóò ti lo àkókò wọn, àwọn yòókù kò kọ nǹkan. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí a tẹ̀ ní 1994, àwọn tí ó kọ ìbànújẹ́ wọn sílẹ̀ ni ó tètè rí iṣẹ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ jù. Ó jọ pé ìbínú tí a ti tú sórí ìwé kì í tún bá ènìyàn wọ ọ́fíìsì ọ̀gá tuntun.

Ó ku ti ìjọ. A ń pe orúkọ àwọn tí ó san owó ìkórè ní gbangba, a sì ń ṣe kàyééfì pé ẹni tí kò ní iṣẹ́ kò wá sí ilé ìsìn mọ́. Bí a kò bá lè dá ìpè náà dúró, ó kéré jù, kí àwọn olórí ẹgbẹ́ yọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò láìjẹ́ kí ó bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́, iṣẹ́ tí a ó máa retí rẹ̀ fún.

Ní ti òfin, èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ díẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti 1974 túmọ̀ irú ìdádúró yìí sí pé iṣẹ́ bọ́ láìjẹ́ ìfẹ́ òṣìṣẹ́, nítorí pé ọwọ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ẹ gbọ́ bí òfin ti wí: ọwọ́ ni ó pọ̀ jù, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ó ní kí ọ̀gá sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tí ó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ẹni tí ó dé kẹ́yìn kọ́kọ́ lọ, àfi bí ìmọ̀ àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé bá mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó sì gbìyànjú láti bá wọn jíròrò lórí owó ìdágbére. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sì fi àyè sílẹ̀ pé ẹni tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí ó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kí ó tọ́jú ìwé ìdádúró rẹ̀ dáadáa, nítorí wọn yóò béèrè fún un níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti fi ìbínú ya tiwọn.